Òkè Abuké Lára Ògiri Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí yín lánàá bí a ṣe ń kọjá lórí afárá Ikpoba. Ẹ kò ní kí awakọ̀ dúró. Ẹ kàn na fóònù jáde lójú fèrèsé, ẹ ti ya odò, ẹ ti ya afárá, ẹ ti ya ojú ọ̀run tó wà lókè wọn, kí a sì tó gun òkè kejì tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Ekosodin. Ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti ń wo ewú orí mi pé ó tó kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Píjìn ni ẹ ó fi dá mi lóhùn. Èmi ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí olúkúlùkù mú èyí tó bá yé e.

Bàámi ni onífọ́tò àwọn ọmọ ìlú wa nínú Benin yìí. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Siluko Road, láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti ẹni tó ń kan àga. Bí òòlù káfíńtà bá dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà á gbà á. Inú ariwo yẹn ni Bàámi ti ń ya fọ́tò ìyàwó, fọ́tò ọmọ tuntun, fọ́tò àwọn tó fẹ́ wá iṣẹ́. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ń lò fún gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ńlá kan wà tí wọn kì í gbé jáde nítorí ènìyàn. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í yà: odò, oko rọ́bà, ojú ọ̀nà pupa lẹ́yìn òjò, àti kòtò ńlá tí àwọn Bìní ayé àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú wọn ká. Àpótí igi ni kámẹ́rà náà. Awọ dúdú kan wà láàárín rẹ̀ tó ń nà, tó sì ń ká bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó sì máa ń dún kíún-kíún bí wọ́n bá fà á. Fíìmù rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń ká bí òwú. Pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó ojú ìwé, ẹyọ kan fún àwòrán kan. Bí ẹ bá ba ẹyọ yẹn jẹ́, ẹ ti ba ìrìn ọjọ́ kan jẹ́.

Èmi ni mo máa ń ru igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Bàámi á rìn síhìn-ín, wọ́n á rìn sọ́hùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ní kí n gbé igi náà sọ̀. Lẹ́yìn náà a ó jókòó. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ya ilẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bá ilẹ̀ náà jókòó. À ń dúró de ìkùukùu kí ó kúrò, à ń dúró de atẹ́gùn kí ó sinmi, nítorí bí ewé bá ń mì, ó di èéfín nínú fọ́tò. Ní ọjọ́ kan lẹ́bàá kòtò yẹn, ara ewúrẹ́ kan ń yún un, ó wá fi ara ha igi wa. Bàámi wà lábẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n máa ń bò mọ́rí, wọn kò rí i, wọ́n kàn ń pariwo pé, "Ta ló ń mi ayé?"

Àwọn ọmọdé Bìní máa ń pé lé wa lórí. Bí orí Bàámi bá ti wọ abẹ́ aṣọ, wọ́n á ní bàbá náà ti di ẹran ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà fún yín, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Gíláàsì kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí ẹ fẹ́ yà, ṣùgbọ́n ní ìdoríkodò ni. Igi á rọ̀ sísàlẹ̀ bí àdán. Ọ̀run á wà nílẹ̀. Ohun tó wà lápá ọ̀tún á sì bọ́ sápá òsì. Bí kámẹ́rà náà ṣe ń rí ayé nìyẹn, ẹni tó bá sì bá a gbé pẹ́, ó máa ń mọ́ ọn lójú. Bàámi lè wo oko tó dorí kodò títí, kí wọ́n sì sọ fún mi pé rọ́bà etí ọ̀nà yẹn ti ń ṣàìsàn.

Ohun mìíràn tún wà. Kámẹ́rà náà lọ́ra, ó máa ń la ojú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa á dé. Ẹni tó bá ń rìn kọjá kì í hàn nínú rẹ̀. Ní ọdún Ígùè àwọn Bìní kan, Bàámi gbé e sí òkè ilé kan láti ya òpópónà. Èrò pọ̀ bí eṣú, ijó, ìlù, aṣọ pupa, aṣọ funfun. Nígbà tí a fọ fọ́tò náà, òpópónà ṣófo. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń sun bọ̀ọ̀lì, tó ti sùn lọ lórí àpótí. Bàámi ní ẹni tó dúró ni ilẹ̀ ń rántí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìlú wa wà ní apá Èkìtì. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi náà, Benin ni wọ́n bí mi sí. Bàámi fúnra wọn, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà nígbà tí bàbá wọn kó wọn wá nítorí iṣẹ́ ìlàgi. Òkè kan ga lẹ́yìn ìlú náà, èjìká rẹ̀ kan yọ gègé bí iké, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Òkè Abuké. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé ní New Benin lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, a ó jẹ ẹ̀wà, a ó sọ̀rọ̀ ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé kí Bàámi lọ ya òkè náà wá, kí gbogbo ilé ní ọ̀kan lára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Bàámi débi pé wọ́n kó aṣọ dúdú fọ̀.

Èmi kò bá wọn lọ, ìdánwò ni mò ń ṣe. Ìgbà ọyẹ́ ni. Wọ́n ní wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú òkè láti àárọ̀, wọ́n sì wà lábẹ́ aṣọ títí ọyẹ́ fi ká díẹ̀, wọ́n yà á, wọ́n sì tètè wá mọ́tò padà wọ̀ kí ọ̀nà tó ṣú. Fọ́tò náà dára. Ẹ lè ka òrùlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Kò sí ilé ọmọ ìlú wa kan tí kò gbé e kọ́. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ, àgbà kan á gbé e dé iwájú fọ́tò, á mú ìka rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ òkè, á ní, "Ibí ni ilé bàbá rẹ." Mo ti gbọ́ ọ ju bí mo ṣe lè kà lọ, ó sì máa ń wú mi lórí pé ọwọ́ Bàámi ni ó ti jáde.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n mú ìyá Alága ẹgbẹ́ wa wá. Alága yìí ń ta irin ìkọ́lé, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ti ń jò, ojú sì ń ti Alága pé ìyá òun dá gbé, ó wá rán awakọ̀ lọ kó wọn wá. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti dé ilé gbẹ̀yìn. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Obìnrin gíga ni, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, a lọ kí wọn. Alága mú wọn dé iwájú fọ́tò ní pálọ̀, ó ní, "Màámi, ẹ wo ilé yín. Ẹ ò kúrò nílé rárá."

Ìyá Àgbà wò ó. "Ìlú wo nìyí?"

"Òkè Abuké mà ni, Màámi."

"Abuké kan lẹ yà. Kì í ṣe tiwa."

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa, àti Bàámi. A ní ìrìn ló rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò yé sọ ọ́. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní kí ó má gba ìlú yẹn gbọ́, pé irọ́ ni. Ojú ti Alága, ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà lọ sí yàrá ìyá òun, bóyá bí wọ́n bá ń rí i nígbà gbogbo, orí wọn á padà. Ìyá Àgbà yí ojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìyàwó Alága yí i padà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyá ọkọ ń yí i, ìyàwó ọmọ ń yí i.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà di ẹrù wọn, wọ́n sì rìn lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n ń bẹ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n gbé wọn lọ sí ibi tí òkè tó ní iké lọ́wọ́ ọ̀tún wà. Àwọn awakọ̀ ń fi Píjìn dá wọn lóhùn, àwọn ọmọ ọjà ń tẹ̀lé wọn. Ẹni tó mọ Alága ló gbé wọn padà wálé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ti géètì. Wọ́n mú wọn lọ fún àdúrà. Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń mú wọn sùn ní ọ̀sán. Nígbà tó yá, Alága sọ ní ìpàdé pé òun ti rí ààyè ní ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú, pé bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, òun yóò mú wọn lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà mi orí. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Èmi ni mo máa ń lọ di irun fún Ìyá Àgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ mi, wọ́n ní kì í fa ni lórí. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ òkè sílẹ̀, màá ní, "Ẹ̀hẹ́n, Ìyá Àgbà," bí ènìyàn ṣe ń dá ọmọ kékeré lóhùn. Mo rò pé inú rere ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú mi, ìyàwó Alága sì ti yí fọ́tò náà síta lára ògiri lẹ́yìn wa. Mo di ṣùkú fún wọn tán. Mo fún wọn ní díńgí kí wọ́n wo orí wọn. Wọ́n gbé e sókè, ṣùgbọ́n wọn kò wo irun. Ohùn wọn yí padà.

"Áà. Ẹ ti gbé e padà sí ààyè rẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ni.

"Òkè ni. Wo iké yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún. Wo ibi tí ọ̀nà ti yà. Òrùlé mi nìyẹn, ọmọ onífọ́tò. Wò ó dáadáa."

Ìyàwó Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́ pé wọ́n ti wá ń rí òkè nínú díńgí báyìí. Ṣùgbọ́n mo tẹ orí ba, mo wo inú díńgí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká wọn, mo sì rí Òkè Abuké tó kọjú sí ibi tí n kò tíì rí i kí ó kọjú sí rí. Mo jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ fọ́tò. Mo mọ̀ pé fọ́tò lè yí.

Mo sọ fún Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n wọ yàrá òkùnkùn, wọ́n mú fíìmù òkè náà jáde, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i, wọ́n tún yí i. Fíìmù tó tóbi bẹ́ẹ̀, orí bébà gan-an ni a ń tẹ́ ẹ sí bí a bá fẹ́ fọ fọ́tò. Ojú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kan bébà. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ kàn án, ọ̀tún á di òsì. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ẹ yà, kíá lẹ ó mọ̀, nítorí bọ́tìnnì á bọ́ sí apá kejì, aago á fi ọwọ́ òsì sílẹ̀. Òkè kì í wọ aago. Ẹ̀yìn ni Bàámi fi kàn án, gbogbo fọ́tò tí wọ́n fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Kò sì ṣe wọ́n bí ẹni pé nǹkan kan yí, nítorí láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú gíláàsì ni wọ́n ti wo òkè náà, òsì ni iké rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n fi ojú lásán wo ìlú bàbá wọn kò tó èyí tí wọ́n fi wà lábẹ́ aṣọ.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà.

"Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní Ìyá Àgbà ni.

"Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà mọ̀. Mo ní ta ló tún mọ̀?"

Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí òkè. Mo rí i lójú Bàámi pé wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n fi ìdajì ayé wọn kọ́ ní Siluko Road á wó. Bí wọ́n bá dákẹ́, wọ́n á mú ìyá tí orí rẹ̀ pé lọ sáàárín àwọn tí orí wọn dàrú. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, wọn kò sì bá mi sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Ní ìpàdé, wọ́n dìde kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó tutù lẹ́nu. Wọ́n gbé díńgí síwájú fọ́tò tó wà lára ògiri ilé ìpàdé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá wò ó. Wọ́n ní, "Òun ni òkè wa. Èyí tó wà nílé yín, èmi ni mo yí i. Ìyá Àgbà kò ṣe wèrè."

Bàbá Gàníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tó ti ń rán aṣọ ní New Benin kí wọ́n tó bí mi.

"Mo ti rí i láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kọ́," ni wọ́n wí.

Bàámi yíjú sí wọn. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé. Mo ti pẹ́ níbí. Mo ní bí mo bá la ẹnu, ẹ ó ní mo ti sọ ilé nù."

Ẹlòmíràn sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún òun náà. Ẹnì kẹta wo ilẹ̀, ó ní òun tilẹ̀ máa ń yẹra láti jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà kún ọjà wa, orí òkè sì wọ́ lójú gbogbo wọn, nítorí olúkúlùkù ń bo ojú tirẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni Alága sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń ka àdúrà sínú lọ. Ó ní ara òun ti ń kọ fọ́tò náà tipẹ́, pé nígbà tí ìyá òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àyà òun já. Ṣùgbọ́n òun ni Alága àwọn ọmọ ìlú. Báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò dá ìlú mọ̀?

Gbogbo wa lọ sí ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì pẹ̀lú aṣọ Àìkú lọ́rùn, Alága níwájú, àwa obìnrin kúnlẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

Bàámi ṣàlàyé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ wọn kò sì kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n wá wo ọmọ wọn.

"O bi dókítà ohun tó ń ṣe mí. O bi pásítọ̀. Ìyàwó rẹ bi àwọn ará ojúlé kejì. Ta ló bi mí léèrè ohun tó ṣe òkè?"

Mo rántí gbogbo "ẹ̀hẹ́n" tí mo ti sọ lórí irun wọn, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ gbà mí.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí, "ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Bàámi ní àwọn yóò fọ òmíràn fún wọn, èyí tó tọ́. Ìyá Àgbà ní àwọn kò fẹ́ fọ́tò. Ilé ni àwọn fẹ́ lọ.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ni Alága gbé wọn lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò. Ìyá Àgbà jókòó síwájú, èmi àti Bàámi wà lẹ́yìn, kámẹ́rà ńlá wà lórí itan mi. Lónìí, fóònù yín á sọ fún yín pé ẹ yà sí òsì, ẹ yà sí ọ̀tún, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, ẹnu lẹ ó fi bèèrè, ẹni tí ẹ bá sì bi á mọ̀ pé ẹ kò mọ̀. A gba Àkúrẹ́ kọjá. Ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àpáta ń yọ lẹ́yìn igbó. A dé ibì kan tí ọ̀nà ti pín sí méjì, igi ga níbẹ̀, a kò tíì lè rí òkè kankan. Alága rọra dúró. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú sítíárì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ọwọ́ wo ni ilé wa wà?"

Ìyá Àgbà yíjú sí i. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì bojú wo èmi àti Bàámi lẹ́yìn. A ò lè gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n wò wá tó, wọ́n na ọwọ́ síta, wọ́n fi ọ̀nà hàn wá.